Òṣìṣẹ́ Ìlera Ìgbèríko àti Àìsàn Tí Kì Í Dúró Dọ̀la

Ní Ìràwọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn so orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí kaṣú tanná, oyin a máa rọ́ wọ oko, kò sì ṣòro kí àgbẹ̀ fi àdá kan ilé wọn láìmọ̀. Ẹni tí oyin ta lè fọ ojú ibẹ̀ kí ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ yóò sú láìpẹ́, tí ètè rẹ̀ yóò wú, tí èémí yóò máa há a lọ́fun, tí òòyì yóò sì gbé e. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní "ara rẹ̀ kọ̀ ọ́" nìyẹn, nígbà tí ó bá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ara yíyún, tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tọ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, tí ará ìlú sábà máa ń pè ní nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láàárín 1975 sí 1980 ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera alábọ́dé, tí a ṣe ní Alma-Ata ní 1978, gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti sì di mínísítà ìlera ní 1985, ó fi ìlera alábọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni mímọ ìyàtọ̀. Bí ìyá bá gbé ọmọ ọlọ́dún méjì tí ń wúkọ́ wá, òṣìṣẹ́ yìí yóò ká ẹ̀wù ọmọ sókè, yóò tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, yóò sì ka èémí rẹ̀: bí ó bá pé 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikọ́ lásán kọ́. Bí ara bá gbóná, yóò gún ọmọ ìka, yóò fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yẹ ibà wò kí ó tó fún ni lóògùn. Ìwé ìlànà rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí yóò wò, ohun tí yóò ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ oró oyin ni kò fàyè gba ìdúró rárá, nítorí pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni a ó gún sínú ẹran itan lápá òde, lójú ẹsẹ̀. A ó tẹ́ aláìsàn sílẹ̀, a ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àfi bí èémí bá há a ni a ó jẹ́ kí ó jókòó. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, a ó tún gún òmíràn, a ó sì máa múra ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣakí. Oògùn ara yíyún kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má ṣe fi àgbo dá aláìsàn dúró nílé. Ẹ tètè gbé e wá, kí ẹ sì sọ ohun tí ó jẹ, oògùn tí ó lò, tàbí ohun tí ó ta á. Ẹ̀yin aláṣẹ, ìgò adrenaline kéré, kò sì wọ́n; ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán lórí pẹpẹ, nítorí pé ẹni tí ó mọ àìsàn tí kò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ yóò kàn máa wo ọmọ ọlọ́mọ ni, títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.