Bí Kẹ̀kẹ́ Oníná Mànàmáná bá Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ní apá kan, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin ní apá kejì. Ẹni tí ó bá mọ apá kan tí kò mọ èkejì, àbùkù ni yóò fi lọ ilé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, líta epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí ₦500 ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń fojú sí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù tí ń lo iná mànàmáná. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Benin àti Togo, láti ọdún 2022 ni irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti ń gbé èrò ní ìgboro.

Èmi náà wà lára àwọn tí ó rà á. Àgbowó ni mo ń gbé, ìhà Challenge sì ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà. Ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ra kẹ̀kẹ́ mi, pẹ̀lú owó tí mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kó jọ, oníṣòwò náà sì fún mi ní ìwé ìdánilójú ọdún kan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wáráńtì. Ní oṣù karùn-ún, kẹ̀kẹ́ náà dákẹ́ lójijì ní Ring Road. Nígbà tí mo tì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á, ó wò ó lóòró, ó wò ó níbùú, ó ní, “Tíṣà, omi ti wọ kọ̀ntírólà yín. Wáráńtì kò bo omi.” Kò tú ohunkóhun, kò sì fi mítà kan kàn án. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kí a tó dá ẹjọ́.

Kí ni ó ń jẹ́ kọ̀ntírólà? Bátìrì ni orísun agbára. Ẹ̀rọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń ṣe làálàá. Kọ̀ntírólà wà láàrin wọn bí onílù tí ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ oníjó yóò bọ́ sí. Nínú ẹ̀rọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, òòfà wà, ọ̀wọ́ wáyà mẹ́ta tí a ká sì wà pẹ̀lú. Bí iná bá gba inú ọ̀wọ́ wáyà kan kọjá, òun náà a di òòfà. Kọ̀ntírólà a máa fún àwọn ọ̀wọ́ wáyà wọ̀nyí ní iná ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí òòfà lè máa sá tẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì máa yí. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké mẹ́ta ni ó ń sọ fún un ibi tí òòfà dé. Orúkọ Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe àwárí ọgbọ́n náà ní ọdún 1879, ni a fi ń pè wọ́n. Àwọn ìlẹ̀kùn tí iná ń gbà jáde nínú kọ̀ntírólà ni tíránsísítọ̀. Ó kéré tán, mẹ́fà ni wọ́n, méjìméjì fún ọ̀wọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni ó sábà máa ń jóná.

Nígbà náà, kí a tó dá kọ̀ntírólà lẹ́bi, kí a yẹ àwọn mìíràn wò. Èkíní ni bátìrì. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí a ń pè ní 48 fólítì a máa ka 54.6 bí ó bá kún dáadáa. Kí a wò ó nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, kí a sì tún wò ó nígbà tí a bá ń fún un ní iṣẹ́ ṣe, nítorí bátìrì tí ó ti rẹ̀ lè ka iye tí ó dára, kí ó sì wó lulẹ̀ lójú iṣẹ́. Kí a wo fíùsì pẹ̀lú. Èkejì ni ọwọ́ bíréèkì: wáyà kan wà níbẹ̀ tí ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, bí ó bá há, kẹ̀kẹ́ kò ní rìn. Kí a yọ ọ́, kí a sì tún dán an wò.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tí a ń lọ́ láti fi sáré. Kọ̀ntírólà ni ó ń fún un ní nǹkan bí 5 fólítì. Bí a bá sì ń lọ́ ọ, wáyà tí ń jíṣẹ́ padà yóò gòkè láti nǹkan bí 1 dé nǹkan bí 4. Bí 5 náà kò bá sí, kí a má tí ì sọ pé kọ̀ntírólà ti kú. Kí a yọ gbogbo ohun tí ń mu nínú rẹ̀, kí a tún wọ̀n ọ́n; bóyá wáyà kan tí ó bó ni ó ń fà á sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a tan kẹ̀kẹ́, kí a fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀: wáyà kọ̀ọ̀kan láti ara ẹ̀yà Hall gbọ́dọ̀ máa lọ sí òdo, kí ó sì máa padà sí 5. Èyí tí ó bá dúró sójú kan ni a mú.

Ẹ̀karùn-ún ni ìdánwò tí ó ń là á mọ́lẹ̀. Kí a pa iná, kí a yọ bátìrì, kí a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná tí ó ṣẹ́kù lè tán. Kí a wá yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá ní jíà nínú, sẹ́yìn ni kí a yí i. Bí ó bá le bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú, kí a yọ wáyà ńlá mẹ́ta tí ó so ó mọ́ kọ̀ntírólà, kí a sì tún yí i. Bí ó bá wá ń yí fàlàlà, tíránsísítọ̀ inú kọ̀ntírólà ni ó ti jóná. Bí ó bá ṣì le, wáyà inú ẹ̀rọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí a lọ yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ti èmi rí: bátìrì dára, ọwọ́ dára, ẹ̀yà Hall dára, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn le, nígbà tí a sì yọ wáyà mẹ́ta náà, ó yí. Ẹ kíyèsí i pé a kò tú kọ̀ntírólà títí a fi mọ̀ pé òun ni. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ó bá já èdìdì ara rẹ̀ ti fún oníṣòwò ní àwáwí.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Omi kì í wọlé kí ó má fi àmì sílẹ̀: ìpẹtà a wà lára ìdè, àwọ̀ ewé tàbí funfun a sì wà lára bàbà. Tíránsísítọ̀ tí ó là tí ó sì dúdú níbi tí gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní kò jẹ́rìí sí omi. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó bá fi bátìrì 60 fólítì sí ibi tí a kọ 48 sí, tàbí tí ó wọ inú àgbàrá tí ó bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò le dúró. Òjò yàtọ̀ sí ìkún omi. Àwọn tí ojú wọn rí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980 mọ ìyàtọ̀ náà.

Kí ni òfin wí? Òfin Ọjà Títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sì fi irú rẹ̀ sínú ìwé òfin tirẹ̀ ní ọdún 1959, sọ pé bí olùrà bá jẹ́ kí oníṣòwò mọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ó sì gbẹ́kẹ̀lé ìmọ̀ rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ náà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tún là á mọ́lẹ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kí ó má ní àbùkù, kí ó sì lò pẹ́ dé ìwọ̀n tí ó tọ́. Ẹni tí ó ta kẹ̀kẹ́ fún ará Ìbàdàn mọ̀ pé òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Bí kẹ̀kẹ́ tí a tà fún ìrìn ojoojúmọ́ kò bá lè fara da òjò lásán, àbùkù ọjà ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ olùrà.

Ọ̀nà wo ni kí a gbà? Kí a tọ́jú rìsíìtì àti ìwé ìdánilójú. Kí a kọ nọ́ńbà ara kọ̀ntírólà sílẹ̀, kí a ya àwòrán èdìdì rẹ̀. Kí a kọ lẹ́tà sí oníṣòwò, kí a to ìdánwò kọ̀ọ̀kan àti èsì rẹ̀ sínú rẹ̀, kí a béèrè pé kí a tú u níṣojú tọ̀tún-tòsì, kí a sì dá ọjọ́ fún èsì. Bí ó bá kọ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà wà, tí a ń pè ní FCCPC. Kóòtù Májísíréètì sì wà.

Ní tèmi, lẹ́tà ni ó yanjú rẹ̀. Rẹwáyà kan tí àwa méjèèjì gbà tú kọ̀ntírólà náà lórí tábìlì oníṣòwò. Tíránsísítọ̀ méjì ti là. Kò sí ìpẹtà kankan. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Tíṣà. Ohun tí àwọn tí ń kó o wá sọ fún mi ni mo ń sọ fún yín.” Ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo san owó rẹwáyà, nítorí èmi ni mo pè é.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, òòfà àti iná tí a ń kọ́ ní kíláàsì ni ó gba owó oṣù mi sílẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ wọn nǹkan kí ó tó la ẹnu. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè yín.