Ojú Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìmọ́lẹ̀ Fóònù

Kò sí yàrá kan nínú ilé ìsùn wa tí a kì í gbọ́ igbe “ojú ń ta mí” ní àkókò ìdánwò. Èmi pàápàá jẹ ìyà náà ní sáà tí ó kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, lẹ́tà orí fóònù a máa di méjì-méjì lójú mi, orí a sì máa fọ́ mi láti iwájú dé ìpàkọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò ó pé bóyá n kò ní lè ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tí mo wá kọ́. Oníṣègùn ojú yẹ̀ mí wò fínnífínní, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀. Iṣẹ́ ni mo fi ń pa ojú náà.

Kíyèsí i, nínú ẹyinjú ni awẹ́ kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi, tí à ń pè ní lẹ́ńsì, iṣan kékeré kan sì yí i ká. Bí a bá ń wo ọ̀nà jíjìn, iṣan yìí a sinmi. Ṣùgbọ́n bí a bá fa fóònù súnmọ́ ojú, a súnkì, kí lẹ́ńsì lè ki sí i, kí lẹ́tà sì lè hàn kedere. Ẹni tí ó wo fóònù fún wákàtí mẹ́ta láì gbé ojú sókè dàbí ẹni tí ó di garawa omi mú fún wákàtí mẹ́ta láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Báwo ni apá kò ṣe ní ro ó?

Ọ̀ràn ojú ṣíṣẹ́ tún wà. Ènìyàn a máa ṣẹ́jú ní ìwọ̀n ìgbà 15 sí 20 nínú ìṣẹ́jú kan, ìpéǹpéjú a sì máa nu omi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ẹyinjú. Bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, iye náà a dín kù gidigidi, omi a gbẹ, ojú a sì máa ta bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọrùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílò 5. Ní ọdún 2014, Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, ṣírò ó pé bí a bá tẹ orí síwájú ní ìwọ̀n dígírì 60, ẹrù tí ń wá sórí ọrùn tó kílò 27, èyí tí ó lé ní ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì kan. (Ìṣirò ni o, kò gbé ọrùn ẹnikẹ́ni lé òṣùwọ̀n.)

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó. Ní ìṣẹ́jú 20-20, kí a gbé ojú kúrò, kí a wo ohun tí ó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Igi máńgòrò ẹ̀yìn fèrèsé tó bẹ́ẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà jìnnà sí wa tó gígùn apá, kí òkè rẹ̀ má sì ga ju ojú lọ. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, kí ó kó ìwé ńláńlá sórí tábìlì láti fi gbé e ró, kí ó sì mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ní ti awò ojú tí wọ́n ń polówó pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, àwọn onímọ̀ Cochrane yẹ ìdánwò 17 wò ní ọdún 2023, wọn kò sì rí i pé ó fi bẹ́ẹ̀ dín ojú ríro kù. Kí olówó tọ́jú owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ ni oògùn ìkánjú tí à ń yá ara wa lò. Òmíràn nínú wọn ní sítẹ́rọ́ọ̀dì nínú. Yóò mú kí ojú pípọ́n rọ̀ kíákíá, inú wa yóò sì dùn. Bí a bá sì ń kán an léraléra láìsí àṣẹ oníṣègùn, ó lè mú kí agbára omi inú ẹyinjú ga jù, kí ó sì pa okùn tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Èyí ni a ń pè ní glaucoma, ìríran tí ó bá sì ti gbà lọ kì í padà mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá rọ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí kò rí pátákó láti ìjókòó rẹ̀, kí ó tọ oníṣègùn lọ. Ìgò kan bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi nígbà náà. Mo mú un lọ fi han oníṣègùn, kò sì dá a padà fún mi.