Bí Àyànmọ́ Bá Yan Ọkọ, Ta Ni Yóò Jọ́hẹn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, àyànmọ́ ò gbóògùn. Bí ọ̀ràn bá di ti ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ yìí kì í jìnnà sí ẹnu. Bí ọmọbìnrin kan bá kọ ọkùnrin mẹ́fà, tí ó wá gba ẹ̀keje tí kò lówó, tí kò sì lẹ́wà, àwọn ìyá àgbà yóò mi orí, wọn yóò ní, "Èyí tí orí rẹ̀ bá a yàn nìyẹn." Bí tọkọtaya bá dàgbà pọ̀ títí eyín fi tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn aládùúgbò yóò ní láti ọ̀run ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. Ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan wà tí a dá mọ́ ẹni kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya àgbàlagbà lẹ́nu pé irú ìgbàgbọ́ yìí kan náà ni ó kún inú àwọn ìwé tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kà lóru lórí fóònù wọn. Ìtàn ìfẹ́ ni wọ́n, láti ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ òkèèrè mìíràn. Ìkookò ń di ènìyàn nínú wọn, amùjẹ̀ ń lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, ẹ̀dá ayé mìíràn sì ń wá aya láàárín àwọn ọmọ ènìyàn. Bí ọkùnrin inú ìtàn bá ti gbóòórùn obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ̀ pé ẹnì kejì àyànmọ́ òun dé. Olùkọ́ tí ó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè pòṣé, kí ó ní ìranù ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí wọn kì í ṣe ìranù rárá: bí àyànmọ́ bá ti yan ọkọ fún ọmọbìnrin, ǹjẹ́ ọmọbìnrin náà ṣì ní ẹnu láti sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà?

ÌTÀN ÀTIJỌ́ NÍNÚ AṢỌ TUNTUN

Ìtàn ẹnì kejì àyànmọ́ ti pẹ́ láyé. Ó ju 2,300 ọdún lọ tí Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ti kọ ìwé kan nípa àsè tí àwọn àlejò ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó fi ìtàn kan sí ẹnu Aristophanes, òǹkọ̀wé eré apanilẹ́rìn-ín, pé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ènìyàn rí roboto, ó ní ọwọ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ojú méjì lórí kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n gbéraga, tí wọ́n fẹ́ bá àwọn òrìṣà jà, Zeus là wọ́n sí méjì. Láti ìgbà náà ni ìlàjì kọ̀ọ̀kan ti ń wá ìlàjì rẹ̀ kiri. Àwọn ará Ṣáínà náà ní ìtàn bàbá arúgbó abẹ́ òṣùpá, tí ń fi okùn pupa so ẹsẹ̀ ọkọ àti aya ọ̀la pọ̀ kí wọ́n tó mọ ara wọn rárá.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní ṣe ni pé wọ́n mú ìgbàgbọ́ yìí wọ inú ẹran ara. Ní ọdún 1999, Christine Feehan, ará Amẹ́ríkà, gbé Dark Prince jáde. Àwọn ọkùnrin inú ìwé náà, ẹ̀dá amùjẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn gùn púpọ̀, kì í rí àwọ̀ kankan mọ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Funfun àti dúdú nìkan ni ojú wọn ń rí, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ sì ti kúrò nínú wọn. Ọjọ́ tí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ohùn obìnrin tí a dá mọ́ ọn ni pupa yóò tún padà di pupa lójú rẹ̀. Ní ọdún 2006, nínú A Hunger Like No Other, Kresley Cole fi ìkookò-ènìyàn kan sínú ìgbèkùn àwọn amùjẹ̀ tí ń dá a lóró. Òórùn aya rẹ̀ ni ó fún un lágbára láti já jáde. Ìgbà tí ó wá rí i, ó bá a pé ẹ̀jẹ̀ amùjẹ̀ wà lára òun náà. Ẹ̀yà tí ó kórìíra jùlọ láyé ni orí ti yan aya fún un.

Àwọn tí ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pa ìtàn kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2015, Ruby Dixon kọ Ice Planet Barbarians. A jí àwọn ọmọbìnrin gbé kúrò nílé ayé, a sì já wọn sílẹ̀ nínú ayé kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní májèlé. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀dá kékeré kan tí à ń pè ní khui sínú ara yóò kú. Khui yìí gan-an ni alárinà. Bí ọkùnrin àti obìnrin tí ó bára mu láti bímọ bá pàdé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú àyà àwọn méjèèjì bí ìlù, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn títí wọn yóò fi di ọ̀kan.

Irú ìtàn báwọ̀nyí ti wá di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Láti ọdún 2006 tí Wattpad ti bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà, ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lè kọ tirẹ̀, kí ó sì kà ti ẹlòmíràn. Bí àwọn ìyá ti fi Mills & Boon pamọ́ sáàárín ìwé ìṣirò nílé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ka ti ìkookò-ènìyàn lábẹ́ aṣọ ìbora.

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA NÍ Ẹ̀GÚN

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn wà níbẹ̀. Nínú ìwé Feehan, ọ̀rọ̀ ìdè kan wà tí ọkùnrin lè sọ jáde. Bí ó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti so òun àti obìnrin náà pọ̀ títí láé, ìbáà jẹ́ obìnrin náà fẹ́, ìbáà jẹ́ kò fẹ́. Nínú àwọn ìwé tí Stephenie Meyer gbé jáde láàárín 2005 àti 2008, èyí tí Twilight ṣíwájú wọn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sam ń fẹ́ Leah, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn. Lọ́jọ́ kan, ojú Sam ṣe mẹ́rin pẹ̀lú Emily, ìbátan Leah, àyànmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ìkookò sì mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Leah di ẹni ìkọ̀sílẹ̀ láìṣẹ̀. Emily náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: ìgbà kan tí Sam bínú nítòsí rẹ̀, tí ó di ìkookò, èékánná rẹ̀ fa ojú obìnrin náà ya, àpá náà kò sì lọ mọ́. Nínú ìwé ìkẹyìn, àyànmọ́ so ọ̀dọ́mọkùnrin Jacob mọ́ ọmọ jòjòló tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ẹnu kò kò lórí ọ̀ràn wọ̀nyí láàárín àwọn tí ń ka ìwé náà. Àwọn kan ní ìfẹ́ pípé ni. Àwọn mìíràn ní bí obìnrin kò bá lè wí pé rárá, kí ni ìwúlò bẹ́ẹ̀ ni tí ó wí? Àwọn òǹkọ̀wé náà gbọ́. Nalini Singh, tí a bí ní Fíjì tí ó sì dàgbà ní New Zealand, bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú Slave to Sensation ní ọdún 2006. Àwọn ènìyàn tí ń di àmọ̀tẹ́kùn àti ìkookò wà nínú rẹ̀, ẹnì kejì àyànmọ́ náà sì wà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dájú, ìdè náà kò lè so àfi bí obìnrin bá gbà á.

Níbí ni a ti rí ìdí tí àwọn obìnrin fi fẹ́ràn ìtàn wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀. Láti ojú ìwé kìn-ín-ní ni òǹkàwé ti mọ ẹni tí yóò fẹ́ ẹni. Kì í ṣe ìparí ni ó ń wá. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà débẹ̀ ni. Ọkùnrin inú ìtàn lágbára, ó lè fi ọwọ́ fa igi tu, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ fa "hẹn" jáde lẹ́nu obìnrin. Ó ní láti tún ìwà rẹ̀ ṣe, kí ó kọ́ sùúrù, kí ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tí kò sí ẹni tí ń bi í ní èrò ọkàn rẹ̀ nílé rí yóò jókòó ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

OHUN TÍ ÀLỌ́ YORÙBÁ SỌ

Yorùbá ní ìtàn ẹ̀dá abàmì tí ń fẹ́ ènìyàn kí Amẹ́ríkà tó ní tirẹ̀. Ìtàn ọdẹ àti àgbọ̀nrín ni olórí wọn. Ọdẹ rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sínú igbó, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́. Nígbà tí obìnrin náà dé tí kò bá awọ rẹ̀ mọ́, ó di dandan kí ó tẹ̀ lé ọdẹ lọ sílé, lórí àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sọ ibi tí òun ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ó bí ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dé tí àṣírí bọ́ lẹ́nu ọdẹ, tí ìyálé fi bú u. Obìnrin náà wá awọ rẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́, ó sì padà sínú igbó. Ọkọ fi awọ há a mọ́lẹ̀ ni, kò gba ọkàn rẹ̀; àdéhùn kan ṣoṣo tí ó so wọ́n pọ̀, òun náà ni ó tún dà.

Ìtàn kejì ni ti ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí, tí ó rí ọkùnrin arẹwà kan lọ́jà, tí ó sì tẹ̀ lé e. Amos Tutuọlá fi ìtàn yìí sínú The Palm-Wine Drinkard ní ọdún 1952. Bí wọ́n ti ń lọ lọ́nà ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó rẹ̀, títí ó fi ku agbárí lásán. Ọmọbìnrin yìí jọ́hẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe ìwádìí. Ojú rẹ̀ gbà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

ÌJỌ́HẸN NÍNÚ ÀṢÀ

Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi to ìgbéyàwó ní ẹsẹẹsẹ. Ìfojúsóde ń bẹ, ìwádìí ń bẹ, alárinà ń bẹ, wọn a sì dá Ifá láti mọ̀ bí ọ̀nà bá mọ́. Gbogbo èyí kò tíì tó. Ọmọbìnrin ní láti sọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni à ń pè ní ìsíhùn tàbí ìjọ́hẹn, òun ni ó sì ṣíwájú ìtọrọ àti ìdána. Alárinà lè lọ kí ó bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Bí hẹn kò bá tíì jáde, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ orí pàápàá kò fi àyànmọ́ ṣe ìdè. Wọ́n ní ẹ̀dá kúnlẹ̀ lọ́run kí ó tó wá sáyé. Àkúnlẹ̀gbà wà, èyí tí a fi fún un. Ṣùgbọ́n àkúnlẹ̀yàn wà pẹ̀lú, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Àní nínú ìpín ọ̀run, ẹni tí ó kúnlẹ̀ lẹ́nu.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣì mọ́ ẹni lọ́wọ́, nítorí àṣà náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn òbí mìíràn a máa fi ọmọ fún ọkọ láti kékeré, kí ọmọ náà tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, gẹ́gẹ́ bí a ti so Jacob mọ́ ọmọ ọwọ́ nínú ìwé òyìnbó. Hẹn tí a gbà lẹ́nu òbí nìkan, kì í ṣe hẹn ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti wá fi ọdún 18 ṣe ààlà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí sínú ìwé. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà àti ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn a máa tọ ọmọbìnrin lọ, a ní wọ́n ti fi hàn òun lójú ìran pé òun ni ọkọ rẹ̀, bí ó bá sì kọ̀, kàdárà ni ó kọ̀. Obìnrin mìíràn ń bẹ tí ọkọ ń fi ẹgba nà, tí ó ní bí orí òun ti rí nìyẹn. Kí ni ìyàtọ̀ ìran bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìdè inú ìwé Feehan? Kí ni ìyàtọ̀ àpá ara obìnrin náà sí àpá ojú Emily?

Nítorí náà, kí òbí àti olùkọ́ má ṣe fa ìwé ya. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí wọ́n bi ọmọ pé: nínú ìtàn tí o ń kà yìí, ta ni ó kọ́kọ́ jọ́hẹn? Ṣé ó lè kọ̀? Bí ó bá kọ̀, kí ni ọkùnrin náà yóò ṣe? Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ìtàn ìkookò yóò mọ bí yóò ti dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá gbé ìran tirẹ̀ dé. Àyànmọ́ lè mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ni yóò sọ pé kí ó wọlé.