Rọ́bọ́ọ̀tì Ọmọ Ilé-Ìwé: Kí Ni Kí Á Rà, Kí Ni Kí Á Fọwọ́ Ṣe?

Ẹ kì í bi télọ̀ yín bóyá òun ni ó rọ abẹ́rẹ́ tí ó fi ránṣọ. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé rọ́bọ́ọ̀tì lọ sí ìdíje, àwọn kan á ní èyí tí wọ́n ra ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ.

Ní Amẹ́ríkà, Dean Kamen dá ẹgbẹ́ FIRST sílẹ̀ ní 1989. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 28 ni ó wá sí ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní New Hampshire ní 1992. Oṣù kìíní ni wọ́n máa ń kéde eré ọdún. Ní oṣù kẹta, ìdíje ti ń gbóná. Àkókò kò sí rárá.

Ẹ wo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní swerve. Táyà mẹ́rin ni. Ẹ̀rọ oníná méjì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń mú un sáré, èkejì ń yí ojú rẹ̀ síbi tí a fẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì náà á wá lè fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ṣùgbọ́n eyín jíà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn régé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á jẹra wọn tán. Ilé-ìwé tí kò ní irinṣẹ́ tó péye lè lo gbogbo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ nìkan. Ní tèmi, bí owó bá wà, kí wọ́n rà á.

Ọwọ́ ńkọ́? Ní 2023, kóònù àti ohun onígun mẹ́rin ni rọ́bọ́ọ̀tì ń gbé. Ní 2024, òrùka fóòmù tí ó fẹ̀ ní íńṣì 14 ni ó ń ṣà nílẹ̀ tí ó sì ń jù. Ọwọ́ èṣí kò wúlò mọ́. Níbí ni kí àwọn ọmọ ti gé pákó, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tún un gé.

Èyí tí ẹ rà pàápàá, ẹ tú u wò. Ẹ ka eyín rẹ̀. Bí jíà kékeré tí ẹ̀rọ ń yí bá ní eyín 12, tí ńlá tí ó ń yí táyà ní 72, ẹ̀rọ á yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré á dínkù, agbára á pọ̀ sí i. Ọmọ tí kò mọ èyí, tí jíà bá ṣẹ́ láàárín ìfigagbága méjì, ìdúró ló máa dúró wò ó.

Bí owó kò bá sì sí ńkọ́? Ẹ fi táyà lásán tí ń lọ síwá sẹ́yìn ṣe é, kí ẹ tètè parí rẹ̀, kí awakọ̀ yín lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wà á kí ọjọ́ ìdíje tó pé.