Ọ̀rẹ́ Ni Ìyekan Ogunléndé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ogunléndé. Ẹni tí ogun lé dé ibi tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, nítorí ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá kó ẹbí àti olóyè wọn wá. Ọmọ tó dá nìkan dé ńkọ́? Ta ni yóò jókòó tì í bí ara rẹ̀ kò bá yá?

Festac Town ni èmi ń gbé, ìlú tí ìjọba kọ́ nítorí àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977. Ní 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gba yàrá kan lẹ́yìn ilé wa. Ọmọ Liberia ni ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún 22. Ọmọ Sierra Leone ni àbúrò, ẹni ogún ọdún. Mo kí wọn lédè òyìnbó, Yorùbá Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi dá mi lóhùn! Àṣé ibùdó àwọn ogunléndé ní Orù-Ìjẹ̀bú, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, ni wọ́n ti dàgbà. Iṣẹ́ ni wọ́n wá wá sí Èkó: ẹ̀gbọ́n ń lẹ táìlì, àbúrò ń gẹ irun ní Àgbójú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí. Nígbà tí Kérésìmesì 1989 ku ọ̀la ni àwọn ọmọ ogun Charles Taylor wọ Liberia. Ní oṣù Kẹta 1991, iná náà ràn dé Sierra Leone: láti ilẹ̀ Liberia ni Foday Sankoh àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba ẹnubodè wọlé. Mo bi àbúrò bóyá kò fi ìyẹn sínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Dádì, ọmọdé ni àwa méjèèjì nígbà tí ìbọn dún. Kò sí ẹni tó yìnbọn nínú wa. Inú abọ́ kan náà la ti jọ jẹun ní Orù.”

Taylor náà ti gba ààbò ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹjọ 2003, ní Calabar, nínú ilé tó tóbi. Àwọn tí ogun rẹ̀ lé kúrò nílé sì ń pín ẹní kan sùn!

Ní 2005, ibà dá àbúrò wólẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n béèrè ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó sì dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ní orúkọ bàbá wọn kò jọra. Ẹ̀gbọ́n fèsì pé, “Ogun ló bí wa.” Akọ̀wé dákẹ́, ó sì kọ ọ́. Orí àga ni ẹ̀gbọ́n sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí àlàáfíà padà, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ogunléndé ní kí ipò náà dópin: fún ará Sierra Leone ní ìparí 2008, fún ará Liberia ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà 2012. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lè gba ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìgbé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Àbúrò kò ní ẹnìkan nílé mọ́, ó fẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n pa iṣẹ́ tì, ó ń bá a kiri ọ́fíìsì títí ìwé náà fi jáde.

Ní oṣù Karùn-ún 2012, ilé ẹjọ́ rán Taylor lọ sí ẹ̀wọ̀n 50 ọdún nítorí ọwọ́ tó ní nínú ogun Sierra Leone. Iwájú rédíò mi ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ. Wọn kò jó, wọn kò yọ̀. Àbúrò kàn gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n ni. Lọ́dún náà ni ẹ̀gbọ́n padà sí Monrovia, nítorí ìyá rẹ̀ wà láàyè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àbúrò ṣì wà ní Àgbójú. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ àkọ́bí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwé ìjọba ṣe pàtàkì, òun ni kì í jẹ́ kí a lé àlejò padà sẹ́nu ìbọn. Ṣùgbọ́n ìwé kì í jókòó ti aláìsàn. Láti 2017 ni àwọn ará Cameroon ti ń sá wọ orílẹ̀-èdè wa, àwọn ọmọ tiwa náà sì ń tọrọ ààbò nílẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ bá gbọ́ èdè àjèjì ní Mile 2, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí onítọ̀hún máa lọ. Ẹ béèrè bóyá ó ti ní ọ̀rẹ́. Bí kò bá tíì ní, ìpín tiyín dé nìyẹn.