Láti Agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Dé Ojú Fóònù

Ẹni tó bá ti wòran ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí lágbègbè Ìfọ̀nyìn, Sákété tàbí Kétu mọ̀ pé àwọn ọ̀gá oníjó kọ́ ló ń kọ́kọ́ jáde lọ́sàn-án. Àwọn ọmọdé ló ń ṣíwájú. Ẹsẹ̀ wọn lè má bá ìlù mu, aṣọ tí wọ́n dì lè fẹ́ẹ̀ gbé wọn ṣubú. Àgbà kan á wọ agbo, á fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ júwe fún wọn lójú gbogbo èrò, ìlù á sì máa lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó jù wọ́n lọ, títí yóò fi kan àwọn ògbóǹkangí.

Ẹ tún wo ère igi tí àwọn oníjó gbé sórí. Àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Àjèjì ohun tó bá wọ̀lú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á sín in jẹ, á fi ṣẹ̀fẹ̀, á sì sọ ọ́ di tiwa. Ní 2008, UNESCO kọ ọ́ sínú àkójọ àjogúnbá ayé lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ẹjọ́ àwọn òbí ló jẹ́ kí n ránnu mọ́ ọn. Wọ́n ní ọmọ kì í gbójú kúrò lára fóònù, ijó ẹlòmíì ló ń jó, àwàdà ẹlòmíì ló ń ṣe, àfarawé lásán. Èmi ò rí ohun tó jẹ́ lásán níbẹ̀: ibi àfarawé náà ni ọmọ inú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìkòròdú, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí kan, tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois, máa ń tún fíìmù ìpolówó Hollywood ṣe lágbàlá ilé wọn. Bárò ni mọ́tò, ohun èlò ìdáná di ohun ìjà. Wọ́n á wá gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù gan-an, kí olùwòran lè fi méjèèjì wéra. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò: ẹ ní láti mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ìgbà tí àwòrán yí, àti bí ojú òṣèré ṣe fà ro. Ní 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ti fíìmù Extraction, àwọn tó ṣe fíìmù náà pè wọ́n síbi àfihàn àkọ́kọ́ ti apá kejì, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ ńlá MIT ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ irú agbo bẹ́ẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì kọ́ṣẹ́, sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2007. Scratch lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lédè Faransé tí àwọn ọmọ wa ní Bẹ̀nẹ̀ fi ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ á máa to bulọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí ara wọn títí eré tàbí ìtàn yóò fi máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Bí ti ọmọ mìíràn bá wù ú, ó lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́; orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò ní kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí a ń wò ṣe pàtàkì. Ọmọ Ìgólò, lẹ́nubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, tó ń wo àwọn aláwàdà Èkó láìwá ògbufọ̀ lè rí àwọn tí wọ́n ń pè ní gayman ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, kó sì máa sín àwọn náà jẹ. Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018 ń dúró de irú wọn. Ibi tí fóònù ti kù díẹ̀ káàtó sí agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn: kò sí àgbà létí ìlù.

Gbígba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kò ní gbé àgbà kankan débẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, kí ẹ ní kó fi ohun tó ṣe hàn yín, kí ẹ sì bi í pé ta ló wò kó tó ṣe é.