Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Wọlé: Ìmúrasílẹ̀ fún Ibà Lassa ní Agbègbè Tchaourou

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ẹ wà ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, láti Tchatchou dé Kika, láti Bétérou dé Sanson, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera láàrin abúlé. Kí baálẹ̀, lèmọ́mù, pásítọ̀ àti ìyálọ́jà náà jọ̀wọ́ kà á, tàbí kí wọ́n ní kí ọmọ kà á sí wọn létí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ibà kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó fà á bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Tchaourou. Àwọn tó ń tọ́jú èèyàn ló ń dùbúlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ara fu àwọn aláṣẹ ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ní ọjọ́ 25, ìjọba Benin ti fi tó Àjọ Ìlera Àgbáyé létí pé ibà Lassa ti wọlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 16 oṣù kejì, tí a bá ka àwọn tí àyẹ̀wò fìdí tiwọn múlẹ̀ mọ́ àwọn tí a fura sí, iye wọn ti tó 71 káàkiri Benin, 23 nínú wọn sì ti kú.

Nígbà tí àìsàn bá mú nọ́ọ̀sì, a jẹ́ pé àrùn náà ti gba ọ̀dọ̀ aláìsàn kan kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé ilé ìwòsàn abúlé ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Cotonou. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan aláìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ fura.

Àrùn yìí tún padà wá. Ní oṣù kejì ọdún 2017, aboyún kan tó ń gbé ní Nàìjíríà, nítòsí ẹnubodè, kú ní ilé ìwòsàn ní agbègbè wa. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ tuntun tó bí ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó rí wọn ní Mango, ní àríwá Togo. Ní ìparí ọdún 2018, àwọn aláìsàn tún ti Taberou ní ìpínlẹ̀ Kwara wọ ọ̀dọ̀ wa.

Kò sí ẹni tó yẹ kó tìtorí èyí lé àlejò. Ẹbí wa ni wọ́n. Ọjà, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń mú àwa náà lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí a bá dójú ti ẹni tó ti òdìkejì ẹnubodè wá gba ìtọ́jú, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò parọ́ ibi tó ti wá, nọ́ọ̀sì kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Bí ó ṣe ń fara jọ palu

Ibà, ara ríro, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì: ta ni kò ní pè é ní palu? Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ní ibà Lassa, nǹkan bí mẹ́jọ ni kì í hàn lára wọn tàbí kó ṣe wọ́n díẹ̀. Àwọn yòókù ni ọ̀rọ̀ wọn ń le: ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde ní ẹnu tàbí imú. Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fura, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í ṣẹ̀jẹ̀ rárá.

Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe palu, tàbí tí aláìsàn ti lo oògùn palu tán tí ibà kò lọ, ẹ bi í jẹ́jẹ́: “Ibo lẹ ti dé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí? Ṣé ẹnìkan ṣàìsàn tàbí kú nínú ilé? Ṣé ẹ rí eku nídìí oúnjẹ?” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní kí ẹ bi, torí pé àrùn náà lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 21 kó tó hàn. Ti aboyún ni kí ẹ tètè gbé jù. Nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ewu náà pọ̀ kọjá sísọ fún ìyá àti ọmọ inú.

Bí ìfura bá wọlé, ẹ gbé aláìsàn sí yàrá ọ̀tọ̀, kí ẹ sì pe ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò. Bí ìfura náà bá jẹ́ àṣìṣe, kò sí ẹni tó máa bá yín wí. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, ṣùgbọ́n omi ara tí a tètè dá padà máa ń ran aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń lo oògùn ribavirin pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ tí à ń ṣe nígbà òjò

Láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni ibà yìí sábà máa ń pọ̀. Nígbà òjò ló yẹ ká ti kọ́ṣẹ́ tán. Ìpàdé ọjọ́ kan tí a ti pín ìwé ẹ̀rí kò tó. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Kí ẹnìkan ṣe bí aláìsàn, kí àwọn yòókù gbà á wọlé, kí wọ́n pe fóònù ní tòótọ́, kí a wo ibi tí iṣẹ́ ti ń há.

Ibi tó ń há jù ni bíbọ́ aṣọ ìdáàbòbò. Wíwọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Bíbọ́ rẹ̀ ló léwu, torí ìta aṣọ náà ti lè kó àrùn, ó sì ti rẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa ṣe é ní méjì-méjì: ọ̀kan ń bọ́, èkejì ń wò ó, ó ń sọ ohun tó kàn fún un.

Ẹ ka ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọṣẹ àti javel yín lóṣooṣù. Páálí ìbọ̀wọ́ tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí ní Tchaourou kò lè dáàbò bo agbẹ̀bí tó ń gbẹ̀bí lóru ní Kika.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò báyìí rọrùn láti rántí: kí a rí àrùn láàrin ọjọ́ méje, kí a sọ ọ́ láàrin ọjọ́ kan, kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti parí láàrin ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi í wọn iṣẹ́ yín.

Ní ilé

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé àrùn náà wọ oúnjẹ. Bí a bá sá gbòdò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a kó o wọlé kó tó ṣú. Gàrí, èlùbọ́ àti àgbàdo, inú ohun tó ní ọmọrí ni kí ó wà. Iná tí a bá dá sígbó ń lé eku wá sínú ilé, kí àwọn ọdẹ má sì fi ọwọ́ lásán pa eku lára. Bí ẹni tí a fura sí bá kú, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera kí a tó wẹ òkú. Wọn yóò jẹ́ kí ẹbí ṣe àdúrà wọn.

Ẹni tó yè é

Gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn ni à ń bẹ̀ wò fún ọjọ́ 21, kí wọ́n má sì rìnrìn àjò kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá yè é, kí ó padà wá kí a yẹ etí rẹ̀ wò, torí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó yè é ni etí wọn ń di. Kí àwọn ọkùnrin tó yè é lo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, nítorí àrùn náà lè wà nínú àtọ̀ wọn lẹ́yìn tí ara ti yá.